“Kò Ṣiṣẹ́” Kò Tíì Sọ Nǹkan Kan: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Wíńdò Oníná Inú Ọkọ̀

Nínú oṣù Keje tó kọjá, gíláàsì iwájú lápá ibi tí èrò ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀ ní Mile 12, ó sì kọ̀ láti gòkè mọ́. Òjò ń ṣú, ilẹ̀ náà ń ṣú, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì ti gùn dé Ketu. Ẹni tó bá mọ Mile 12 ní ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí gíláàsì tó ṣí sílẹ̀ lè fà: ọwọ́ kan á yọ wọlé, fóònù á bá ọwọ́ náà lọ. Páálí la fi dí ojú wíńdò náà kí a tó wọ́ délé.

Kábúkábú ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọkọ̀ yìí ṣe, inú owó rẹ̀ náà sì ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti ń wá. Ní ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi sọ: “Wíńdò ò ṣiṣẹ́.” Ọkùnrin náà kò bèèrè nǹkan kan. Ó tú ilẹ̀kùn, ó ní ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì ti kú, ó ní ká lọ ra òmíràn. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ láti fi tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi jáde la fi ra tòkunbọ̀ kan, a sì san owó iṣẹ́. Gíláàsì gòkè lójú wa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún dákẹ́.

Bàbá àgbàlagbà kan lápá Ikosi ló padà gbà wá. Kí ó tó mú irin kankan lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́rin ló bi ẹ̀gbọ́n mi. “Bọ̀dá, ṣé wíńdò yìí nìkan ni, àbí gbogbo wọn? Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣé nǹkan kan ń dún nínú ilẹ̀kùn? Ṣé lójijì ló dákẹ́, àbí ó ti ń lọ́ra tẹ́lẹ̀? Ṣé ìgbà kan wà tó máa ń dáhùn?”

Ìbéèrè kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi ronú sí. “Bàbá, ó máa ń dáhùn tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti tún un ṣe tán. Wáyà tó wà nínú rọ́bà ilẹ̀kùn ló já.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Wáyà kan ti já nínú awọ rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ojú méjèèjì á kanra, tí a bá tì í, wọ́n á pínyà. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì fi gòkè lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà tó ń dán an wò. Ẹ̀rọ tí a fi owó mi rà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju owó lọ, nítorí iṣẹ́ tí à ń kọ́ ní ẹ̀ka wa ni Bàbá ṣe. Tí a bá lọ gba ohùn lẹ́nu abẹ́nà ìmọ̀, a mọ̀ pé ohun tí a kò bèèrè ni kò ní sọ, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìdáhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ni. “Kò ṣiṣẹ́” jẹ́ gbólóhùn tó pé, ṣùgbọ́n kò ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Mi ò kọ ẹ̀kọ́ yìí kí a lè gba iṣẹ́ mọ́ àwọn rewáyà lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ kí ẹni tó bá ń lọ bá wọn lè mú gbólóhùn tó ní láárí lọ.

1. Ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn

Ní gbogbo Kosofe, láti Ojota dé Owode Onirin, rewáyà ni à ń pe ẹni tó ń tọ́jú iná ọkọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì; àwa ló sọ ọ́ di orúkọ ẹni. Irú rẹ̀ ni tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó wá di orúkọ ọkọ̀ àti ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ti lò rí. A ṣì ń sọ pé kí awakọ̀ “wáìnì” gíláàsì sókè, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí à ń yí ti kúrò lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn. Wíńdò tí èèyàn kò ní fi ọwọ́ yí kì í ṣe nǹkan tuntun: nǹkan bí ọdún 1940 ni ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ti fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ olówó ńlá, àmọ́ agbára omi inú páìpù ló ń gbé e nígbà náà. Iná ló ń gbé tiwa.

Ẹ̀yà márùn-ún ló ṣe pàtàkì. Èkíní ni fíùsì, okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ike, tó máa ń já kí wáyà má baà jóná. Èkejì ni súwíìṣì tí à ń tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wáyà, èyí tó gba inú rọ́bà kan kọjá láti ara ọkọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ tó ń yí. “Mótò” ni àwọn rewáyà ń pè é, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà ń jẹ́ mọ́tò lẹ́nu wa, ẹ̀rọ gíláàsì ni màá máa pè é níbí. Ẹ̀karùn-ún ni regulator, irin tí gíláàsì jókòó lé. Àwọn kan ní apá irin tó ń ṣí tó sì ń padé bíi sáásì. Àwọn mìíràn ní okùn irin tó ń sáré lórí róòlà oníke.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré ń fún wa ní iná volt 12. Tí iná yìí bá gba wáyà kìíní wọ inú ẹ̀rọ gíláàsì tó sì gba èkejì jáde, ẹ̀rọ á yí sápá kan, gíláàsì á gòkè. Tí a bá pa ọ̀nà iná dà, á yí sápá kejì, gíláàsì á wálẹ̀. Iṣẹ́ súwíìṣì ni láti pa ọ̀nà náà dà. Nígbà tí iná bá ṣiṣẹ́ tán, irin ara ọkọ̀ ló ń gbà padà sí bátìrì. Ìyẹn ni àwọn rewáyà ń pè ní earth. Ọ̀nà méjì ló wà, àlọ àti àbọ̀. Èyíkéyìí tó bá já nínú wọn, ẹ̀rọ á dákẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná wíńdò àwọn èrò máa ń gba inú súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kọjá. Nítorí náà, àìsàn lè wà lápá awakọ̀ kó jẹ́ pé gíláàsì ẹ̀yìn ló máa kú.

2. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún, àìsàn márùn-ún

Mo jókòó ti Bàbá fún ọjọ́ Sátidé mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ṣàkíyèsí pé kì í gba “kò ṣiṣẹ́” lẹ́nu oníbàárà. Á máa bi í títí á fi mú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn jáde. Àwọn tó gbà lẹ́nu wọn nìyí:

Ó dákẹ́. A tẹ̀ ẹ́, kò sí ìró kankan. Iná kò dé ibẹ̀, tàbí ẹ̀rọ gíláàsì ti kú. Fíùsì, súwíìṣì àti wáyà la kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀rọ la ń wò gbẹ̀yìn.

Ó ń dún, kò gbé e. Ẹ̀rọ ń yí lásán. Okùn regulator ti já, tàbí eyín róòlà oníke ti jẹ, tàbí gíláàsì ti yọ kúrò nínú ohun tó dì í mú. Ẹ má ra fíùsì, iná ń dé ibẹ̀ dáadáa.

Ó ń fà. Ó ń gòkè bí ẹni tó ru ẹrù. Eruku ti kún inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà kọjá, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, tàbí rọ́bà ti wú. Ó tún lè jẹ́ pé bátìrì ti rẹlẹ̀, tàbí pé ẹ̀rọ náà ti gbó.

Ó wọ́. Apá kan gíláàsì gòkè, apá kejì sùn sílẹ̀. Ìdè kan ti tú lára regulator, tàbí irin rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ nìṣó lè fọ́ gíláàsì.

Ó ń yan ìgbà. Lónìí ó dáhùn, lọ́la ó kọ̀. Àìsàn yìí ló ń ná oníṣẹ́ lówó jù, nítorí ó lè dáhùn níwájú rewáyà kó sì kọ̀ níwájú ilé. Ẹ kíyè sí àyè tó ti ń dáhùn: ṣé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni? Wáyà inú rọ́bà nìyẹn. Ṣé nígbà tí ẹ bá gbá ilẹ̀kùn ni? Ó ṣeé ṣe kí kábọ̀n inú ẹ̀rọ ti jẹ tán, kò sì ní pẹ́ kú. Ṣé nígbà tí ẹ bá tẹ súwíìṣì gidigidi, tí ẹ sì ń mì í? Súwíìṣì ni, bóyá omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti dà sí i rí.

3. Bí a ṣe ń dán an wò

Ní kíláàsì fonọ́lọ́jì, bí a ṣe ń mọ̀ pé ohùn ń ya ìtumọ̀ ni pé a ó fi ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ̀lì kò yí padà, ohùn nìkan ló yí. Tí nǹkan méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, a ò ní lè sọ èyí tó fa ìyàtọ̀. Òfin kan náà ló wà níbí: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíùsì, súwíìṣì àti ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan náà lè rí gíláàsì tó gòkè, ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí tó wò ó sàn, ó sì ti sanwó ẹ̀yà méjì tí kò ṣàìsàn.

Èyí tí kò gba irin kankan la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ ka wíńdò tó kú. Tó bá jẹ́ ti awakọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ wo bọ́tìnnì tí à ń fi ti wíńdò àwọn èrò pa, kí àwọn ọmọdé má baà fi ṣeré. Ó lè jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ sanwó nítorí bọ́tìnnì yìí.

Ìkejì, tó bá jẹ́ wíńdò èrò kan ló kú, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Tó bá dáhùn sí ọ̀kan tí kò dáhùn sí èkejì, ẹ̀rọ gíláàsì ti bọ́ lẹ́jọ́: ó ń ṣiṣẹ́. Súwíìṣì tó kọ̀ ni kí ẹ mú, àti wáyà rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí iná láìtan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan gílóòbù òrùlé ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ súwíìṣì. Tí gílóòbù náà bá ṣe bàìbàì díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, iná ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ gíláàsì, nǹkan kan ló dì í mú tí kò fi lè yí. Tí kò bá yí padà rárá, a jẹ́ pé iná kò gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú kan ni ìdánwò yìí gbà, ó sì pín gbogbo àìsàn tó ń dákẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Ìkẹrin, ẹ yọ fíùsì wíńdò wò. Ìdérí àpótí fíùsì tàbí ìwé ọkọ̀ á fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ hàn yín. Tí okùn inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi èyí tó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀. Tí tuntun náà bá tún já, ẹ má fi kẹta sí i. Wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin ara ọkọ̀ níbi kan.

Ìkarùn-ún ló gba kí a tú awọ ilẹ̀kùn. Rewáyà á yọ ìsopọ̀ ẹ̀rọ gíláàsì, á sì fi ẹnu méjèèjì tẹ́sítà, gílóòbù kékeré onírin, kan ojú wáyà méjèèjì. Tí gílóòbù bá tàn nígbà tí a tẹ òkè, tó tún tàn nígbà tí a tẹ ìsàlẹ̀, iná pé, àlọ àti àbọ̀. Tí a bá dá ìsopọ̀ padà, tí ẹ̀rọ kò sì yí, ìgbà yìí nìkan la lè sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Tí gílóòbù kò bá tàn, ẹ dá owó ẹ̀rọ dúró sápò. Ìdánwò yìí náà gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí àti nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ padé. Èyí ni a kò ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

4. Àtúnṣe, àti ohun tí a kì í ṣe

Wáyà tó já nínú rọ́bà kò fẹ́ ju kí a so ó. Síbẹ̀, kí a má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí a fi téèpù wé e, nítorí ilẹ̀kùn á tún fà á já. Bàbá fi wáyà tuntun tó gùn díẹ̀ sáàárín, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú méjèèjì, ó wá fi rọ́bà bò ó. Ó tún wo àwọn wáyà tó kù nínú rọ́bà náà, nítorí ibi tí ọ̀kan ti já, àwọn yòókù ò jìnnà sí i.

Fún èyí tó ń fà, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu inú rọ́bà gíláàsì títí eruku á fi tán, kí ẹ tó fọ́n silicone sí i. Ẹ má fi gíríìsì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọjọ́ kan ló máa fi yọ̀. Lẹ́yìn náà á kó eruku jọ bí ẹrẹ̀, á sì mú rọ́bà wú.

Tó bá jẹ́ regulator tàbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí Owode Onirin tàbí Ladipo. Ti apá òsì kì í ṣe ti apá ọ̀tún, ti iwájú kì í sì í ṣe ti ẹ̀yìn. Ẹ sọ pé kí olùtajà fi bátìrì dán ẹ̀rọ wò lójú yín, sápá méjèèjì, kí ẹ tó sanwó.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ẹ má fi wáyà lásán tàbí fíùsì tó lágbára jù rọ́pò fíùsì tó já; fíùsì já kí ọkọ̀ má baà jóná ni. Ẹ fi téèpù tó lágbára so gíláàsì mọ́ férémù kí a tó tú ohunkóhun tó gbé e dúró, kí ó má baà já lu ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ súwíìṣì nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ohun tó ń pa wọ́n tí wọ́n bá gbóná jù. Tó bá dákẹ́ lẹ́yìn títẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó tutù, kí ẹ tó sọ pé ó kú.

Tó bá kọ̀ láti gòkè lójú ọ̀nà, kí ẹnìkan di súwíìṣì mú sí òkè, kí ẹlòmíràn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di gíláàsì níwá-lẹ́yìn kó sì rọra fà á sókè. Ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ máa ń gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí, ó kéré tán kí a fi délé.

Ọ̀rọ̀ omi náà kò ṣeé fojú fò dá ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Tí wọ́n bá ṣí omi Oyan Dam sílẹ̀ tí Odò Ògùn sì kún, Ajegunle Mile 12 àti Agboyi mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Iná àti omi kì í ṣọ̀rẹ́: wíńdò oníná lè dákẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Ẹ má wakọ̀ wọ inú omi tí ẹ kò mọ bó ṣe jìn tó. Tí omi bá sì ká yín mọ́, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ kíákíá kí iná tó lọ, kí ẹ lè rí ọ̀nà jáde.

5. Ìdánrawò

(a) Wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà, fèrè ọkọ̀ àti rédíò ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ kan ní ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú. Kí lẹ máa sọ fún un?

(b) Gíláàsì ẹ̀yìn apá òsì ń dún kírr-kírr, ó sì ti ṣubú sínú ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo lẹ máa lò, ẹ̀yà wo lẹ sì máa dárúkọ?

(d) Gíláàsì èrò ń gòkè láti ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò gòkè láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ṣé ká ra ẹ̀rọ gíláàsì?

Ìdáhùn. (a) Àjàkálẹ̀ àrùn kì í mú ẹ̀rọ gíláàsì. Ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lò ni kó wò: fíùsì, relay, súwíìṣì ńlá, àti earth wọn. (b) Ó ń dún, kò gbé e. Okùn tàbí róòlà regulator ni. (d) Rárá. Ẹ̀rọ náà sàn. Súwíìṣì awakọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni.

Ní ti ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, gíláàsì rẹ̀ ń gòkè títí di òní. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n yọ jù sílẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gbé e lọ bá Bàbá, ó fi bátìrì kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yí sápá méjèèjì. Bàbá wò mí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yunifásítì, abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa sọ.” Mo ṣì ń wá owó tí màá fi tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá nílò ẹ̀rọ gíláàsì ọwọ́ iwájú, apá èrò, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kó tó wá bá mi rà á.